Sumie Gbé Alùpùpù Rẹ̀ Sókè

Alùpùpù náà tún ṣubú. Gbì! Ó fẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lélẹ̀ bí ewúrẹ́ tó jẹun yó, táyà iwájú rẹ̀ ń yí lọ́fẹ̀ẹ́. Sumie ò tíì gùn ún rárá o. Ó kàn gbé e dúró ni, ó yíjú kí ó mú àṣíborí rẹ̀ lórí ìṣó, ariwo ló gbọ́ lẹ́yìn.

"Ìyá!" Tokuji ọkọ rẹ̀ ké láti orí pèpéle ilé. Ó jókòó síbẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ òsì lé àpótí, ẹsẹ̀ tí dókítà fi simẹ́ńtì funfun wé láti orúnkún dé àtẹ́lẹsẹ̀. "Kí ló ṣe ọ́ tí o fi ń lù ú mọ́lẹ̀?"

"Èmi? Mo kẹ́yìn sí i ni o, Bàbá."

"Ohun tó ń bí i nínú nìyẹn. Alùpùpù mi ò fẹ́ kí wọ́n kẹ́yìn sí òun."

"Ẹ dìde kí ẹ wá bẹ̀ ẹ́ fún mi nígbà náà. Àbí ẹsẹ̀ ń dùn yín?"

Tokuji rẹ́rìn-ín títí ẹsẹ̀ fi dùn ún lóòótọ́. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí ti wà nílùú ńlá tipẹ́tipẹ́, kò sí ẹni tó ń pe ẹnikẹ́ni ní bàbá tàbí ìyá nínú ilé náà mọ́, àfi àwọn méjèèjì tí wọn ò fi orúkọ náà sílẹ̀ fún ara wọn.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ nìyí. Kamisawa, abúlé wọn lábẹ́ òkè Amagi, wasábì, gbòǹgbò tó ń ta lẹ́nu bí ata, ni iṣẹ́ ibẹ̀. Oko wọn tò gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ bí àtẹ̀gùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò, omi tútù láti orí òkè a máa ṣàn lórí gbòǹgbò wasábì tọ̀sán tòru. Wasábì ò fẹ́ omi tó dúró. Bí omi bá dá lónìí, ewé á rọ. Bó bá fi máa di ọ̀la, gbòǹgbò á bẹ̀rẹ̀ sí í rà, ohun tí èèyàn sì ti ń tọ́ bọ̀ láti èṣín á di ohun ìdànù. Ẹnu omi yìí wà lókè réré, nínú igbó kédárì. Ilé kọ̀ọ̀kan ló ní oṣù tirẹ̀ tó gbọ́dọ̀ fi ṣọ́ ọ, kó máa kó ewé àti iyanrìn kúrò níbẹ̀ kí omi lè rọ́nà gbà. Ilé tí kò bá lè ṣe oṣù tirẹ̀ á dá oko padà fún ẹgbẹ́ omi, ẹgbẹ́ á gbé e fún ilé tó lágbára. Kò sí ìjà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bá a.

Oṣù tí ewé ń já jù lọ ni oṣù ilé Sumie. Ọdún yìí ni Tokuji sì yàn láti gorí ahéré lọ de páànù mọ́lẹ̀ kí ìjì tó dé. Páànù dúró sí àyè rẹ̀ o. Tokuji ló ṣubú. Ìjì náà dé, ó gé ọ̀nà igbó ní kọ́nà kan, ó kó òkúta tó tó orí màlúù dà síbẹ̀, ọkọ̀ kékeré tí wọ́n fi ń kó irinṣẹ́ lọ ò lè kọjá mọ́. Ẹni tó bá sì fẹsẹ̀ rìn ín, ilẹ̀ á ṣú mọ́ ọn kó tó padà, bẹ́ẹ̀ ewé ń já lójoojúmọ́. Àfi alùpùpù Tokuji, alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ gíga tó ń rin títì tó sì ń rin igbó, òun nìkan ló lè máa lọ kó máa bọ̀.

Kì í ṣe pé Sumie ò mọ̀ ọ́n gùn. Ìwé àṣẹ rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìgbà ọmọge, alùpùpù kékeré kan ló sì fi ń lọ sí ìsàlẹ̀ odò ra ẹja. Àmọ́ Sumie kúrú. Kò sí àpọ́nlé níbẹ̀. Bó bá dúró ti alùpùpù ọkọ rẹ̀, ìjókòó fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án láyà. Kamisawa sì ní òfin kan tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀: bí ẹsẹ̀ èèyàn méjèèjì kò bá tẹ́ sílẹ̀ pẹrẹsẹ, alùpùpù yẹn kì í ṣe tirẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń bi ẹni tó bá ra tuntun nìyẹn, "Ẹsẹ̀ rẹ ń kanlẹ̀ bí?" kí wọ́n tó béèrè iye tó rà á.

Nítorí náà, inú rere ni wọ́n fi sọ alùpùpù náà di kúkúrú. Bàbá Kusunoki, olórí ẹgbẹ́ omi, ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbé irin kéékèèké méjì wá, irin tó ń so ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn mọ́ apá táyà. Wọ́n yọ èyí tó kúrú, wọ́n fi èyí tó gùn sí i, ìdí alùpùpù sì wálẹ̀. Wọ́n tú ìdè fókì iwájú, wọ́n tì í gòkè, iwájú náà wálẹ̀. Tokuji jókòó sórí pèpéle, ó fi ọ̀bẹ ìdáná rẹ́ tìmùtìmù ìjókòó pẹlẹbẹ. Nígbà tí Sumie gùn ún, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀ pátápátá, Bàbá Kusunoki pàtẹ́wọ́, Tokuji pàtẹ́wọ́, Sumie fúnra rẹ̀ pàtẹ́wọ́.

Ẹnikẹ́ni ò rántí irin ìdúró, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tí alùpùpù fi ń fẹ̀gbẹ́ tì. Ara ti wálẹ̀, ẹsẹ̀ ṣì gùn bíi ti àná. Ìdí nìyẹn tí kò fi lè fẹ̀gbẹ́ mọ́, tó ń dúró ṣánṣán bí ọ̀mùtí lójú ọlọ́pàá, tí atẹ́gùn kékeré bá fẹ́ báyìí, gbì!

"Gbé e wá," ni Tokuji wí. "Gbé ẹsẹ̀ náà wá kí n gé e."

"Bàbá, ẹ̀yin àti gígé."

"Ohun tó bá gùn jù, gígé ló tọ́ sí i."

"Ẹ ṣáà má wo ọ̀dọ̀ mi."

Ó fi ayùn gé e lórí itan ara rẹ̀, irin ń dún kẹrẹkẹrẹ. Alùpùpù dúró. Sumie gùn ún, ó di ìrẹsì tó fi ewé òkun wé mọ́ ẹ̀yìn, ó so ọkọ́ àti ohun ìwalẹ̀ mọ́ ọn, ó korin jáde lẹ́nu ọ̀nà.

Orin náà kò pẹ́ kó tó dá. Ó dé kọ́nà tí ìjì gé, ó wọ àárín òkúta àti omi tó dúró síbẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì ń kanlẹ̀ dáadáa, gàù! Ikùn alùpùpù gun òkúta, ó há. Táyà ẹ̀yìn ń yí lófìfo, ó ń da omi sí gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó tì í, kò lọ. Ó fà á, kò bọ̀. Alùpùpù dùbúlẹ̀ sórí òkúta bí adìyẹ tó sàba.

Bàbá Kusunoki ló bá a níbẹ̀. Ó ti ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ láti wo ọ̀nà. Arúgbó tó mọ́ tónítóní ni, bàtà rọ́bà rẹ̀ ń dán bí àwo tánganran. Kò rẹ́rìn-ín, kò bínú. Ó dì í mú lẹ́yìn, Sumie dì í mú níwájú, wọ́n gbé e sẹ́yìn kúrò nínú òkúta. Bàbá nu ọwọ́, ó wo òkè, ó mí kanlẹ̀.

"Òtútù ti ń bọ̀ o," ni ó wí.

"Ó ń bọ̀, Bàbá."

"Ilé yín ti ṣe wàhálà púpọ̀."

Bàbá Kusunoki ní òun àti ẹnìkan á fẹsẹ̀ lọ kó ewé lọ́sẹ̀ yìí, kí Sumie má ṣe ìyọnu, ìpàdé ẹgbẹ́ sì ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú níbi ahéré oko, kí ó wá mu tíì. Ó tẹrí ba, ó lọ.

Ní Kamisawa, ẹnikẹ́ni kì í sọ pé "ẹ gbé oko wá." "Ilé yín ti ṣe wàhálà púpọ̀" ni wọ́n ń sọ. Ẹni tí wọ́n bá sọ ọ́ fún á dúpẹ́, á lọ sí ìpàdé, á mu tíì, á sì fi oko sílẹ̀ kí tíì tó tutù.

Nígbà tí Sumie délé, ó sọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún un. Ọwọ́ Tokuji dúró lórí ife. Inú oko yẹn ni ìyá rẹ̀ ti fi gbòǹgbò àkọ́kọ́ lé Sumie lọ́wọ́ lọ́dún tó gbé e níyàwó, oko tí Sumie to òkúta rẹ̀ pẹ̀lú oyún nínú.

"Bóyá ó ti tó náà, Ìyá," Tokuji wí, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Agbára wa ò..."

"Agbára ta ni?" Sumie bọ́ bàtà rẹ̀ tó kún fómi, ó dà á sílẹ̀ ṣùàà. "Èmi ò tíì ṣe wàhálà kankan o, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ ṣe é. Ẹ̀yin àti Bàbá Kusunoki lẹ gé alùpùpù títí ikùn rẹ̀ fi ń wọ́ nílẹ̀ bíi ti aboyún ológbò. Bí mo bá gùn ún bó ṣe ga tẹ́lẹ̀, èmi ìbá ti débẹ̀, ǹ bá ti padà."

"Bó ṣe ga tẹ́lẹ̀? Ẹsẹ̀ rẹ á máa fì lókè bí èso kákì tí wọ́n so rọ̀ sábẹ́ òrùlé kó lè gbẹ!"

"Ẹ wo lékeléke tó ń dúró nínú odò wa yẹn. Ẹsẹ̀ mélòó ló ń fi dúró?"

Tokuji na ọrùn wo odò.

"Ọ̀kan," Sumie dá ara rẹ̀ lóhùn. "Ó sì ń sùn lórí ẹ̀. Ẹ fún mi ní fóònù kí n pe Rinko."

Rinko ló ni ṣọ́ọ̀bù alùpùpù nísàlẹ̀ odò. Obìnrin gíga gbọ̀ngbọ̀nràn ni, èékánná rẹ̀ kì í mọ́, ẹja gbígbẹ kì í sì kúrò lẹ́nu rẹ̀ bó bá ń ṣiṣẹ́. Ó fi ọkọ̀ kó irinṣẹ́ wá lọ́jọ́ kejì, ó kúnlẹ̀ ti alùpùpù, ó fọwọ́ pa á lára bí ẹni ń yẹ màlúù wò, ó yíjú sí pèpéle.

"Bàbá, ta ló ṣe irú èyí?"

"Ìfẹ́ ló ṣe é," ni Tokuji dáhùn.

"Ìfẹ́ ò mọ sípánà í lò o."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìn ni wọ́n kọ́kọ́ tú. Rinko yọ irin gígùn Bàbá Kusunoki, ó wé e sínú ìwé ìròyìn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ nítorí pé ẹ̀bùn àgbà ni, ó ní kí wọ́n bá òun wá irin àtijọ́. Kò tíì fi í sí i, ó na ihò irin náà sí Sumie. "Màmá, ẹ fọwọ́ kan inú ibí yìí." Ó gbẹ, ó ti dípẹtà. Wọ́n fi epo fọ̀ ọ́, wọ́n fi aṣọ nù ún, Sumie fi ìka ara rẹ̀ ki gírísì bọ inú rẹ̀ títí tó fi ń yí wọ̀ọ́ láìdún. Ẹ wo bí inú rẹ̀ ṣe dùn tó! Ó dà bí ẹni tó yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọ. Ó bẹ̀rẹ̀ orin, ó ń gberin fúnra rẹ̀ nígbà tí kò sẹ́ni tó gbè é:

Ṣéènì tó gbẹ, ẹ fún un lóróró,
Jẹ́-ń-lọ, jẹ́-ń-bọ̀.
Táyà tó pá, ẹ wá eléyín fún un,
Jẹ́-ń-lọ, jẹ́-ń-bọ̀.
Ìyá tó kúrú, òkè ló ń wò,
Jẹ́-ń-lọ, jẹ́-ń-bọ̀.

Kí wọ́n tó dé orí táyà, Rinko náà ti ń gbè é pẹ̀lú ẹja lẹ́nu.

Fókì iwájú padà sí àyè rẹ̀. Táyà tó ti pá lọ, eléyín ńláńlá rọ́pò rẹ̀. Rinko yọ kẹ̀kẹ́ eléyín kékeré tó ń fa ṣéènì níwájú, ó fi èyí tí eyín rẹ̀ dín kan sí i. "Pẹ̀lú eléyìí, Màmá, ẹ lè máa rá lọ bí ìgbín, ẹ́ńjìnì ò ní kú mọ́ yín nídìí." Ó de àwo irin nípọn kan sábẹ́ ikùn ẹ́ńjìnì. Ó tẹ ọwọ́ bíréèkì àti ti kíláàṣì wọlé kí ìka kúkúrú Sumie lè tó o. Ó yọ asẹ́ afẹ́fẹ́ jáde, ó gbé e sókè sí oòrùn. Oòrùn ò là á kọjá.

"Bàbá, ìgbà wo lẹ fọ èyí gbẹ̀yìn?"

"Ó ń mí dáadáa, mi ò yọ ọ́ lẹ́nu."

"Ó ń mí bí ẹni tí wọ́n fi ìrọ̀rí bò lójú."

"Òun náà ti dàgbà ni. Èmi náà ń mí bẹ́ẹ̀."

Sumie fọ asẹ́ náà nínú epo, ó fún un, ó sá a, ó fi òróró pa á. Omi tó jáde lára rẹ̀ dúdú ju inú ìkòkò lọ.

Lẹ́yìn náà ni Rinko ní kí Sumie gùn ún. Ó wo bí ẹ̀yìn ṣe rì sí. Kò rì rárá. "Ẹ rí i? Ìwọ̀n Bàbá ni wọ́n yí sípíríǹgì yìí sí. Ẹ̀yin ò wúwo ju àpò ìrẹsì lọ. Bí ẹ bá jókòó, ó yẹ kó rì díẹ̀ kó kí yín." Ó fi irin yí i, ó tún yí i. Sumie tún gùn ún, ẹ̀yìn rì wẹ́rẹ́, ó kí i. Ní ti tìmùtìmù tí Tokuji rẹ́, Rinko pòṣé. Ẹ̀gbẹ́ ló yẹ kí wọ́n rẹ́ kí itan lè rí ọ̀nà wálẹ̀, kì í ṣe orí. Ó bá wọn rẹ́ ẹ̀gbẹ́ náà. "Orí tó ti lọ, ó ti lọ. Ìdí yín ni ẹ máa fi gbà á."

"Ìdí mi ti gba ju bẹ́ẹ̀ lọ," ni Sumie wí.

Ó ku ẹsẹ̀ tí Tokuji fi ayùn gé. Alùpùpù ti ga padà, ẹsẹ̀ ti kúrú, bí wọ́n bá gbé e tì, ó fẹ́ sùn sílẹ̀ lápá òsì báyìí. Tokuji ò wo ẹnikẹ́ni lójú. Sumie lọ sẹ́yìn ilé, ó mú ọkọ́ àtijọ́ kan tí èèkù rẹ̀ ti kán, Rinko gé etí rẹ̀, ó jó o mọ́ ìsàlẹ̀ irin ìdúró náà, iná ń ta pàràpàrà. Ẹsẹ̀ tuntun náà gùn, ó sì fẹ̀ bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ, kò ní rì sínú ẹrẹ̀.

"Ó sàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ," ni Tokuji wí. "Mo mọ̀ tẹ́lẹ̀ kí n tó gé e."

"Ẹ mọ̀ ọ́n!" Rinko pariwo, gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, wọ́n jókòó mu ọbẹ̀ ẹ̀wà gbígbóná.

Inú ọgbà ilé ìwé tí wọ́n ti tì pa ni Sumie ti kọ́ bí lékeléke ṣe ń dúró. Tokuji tẹ̀lé e dé ibẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá méjì lábẹ́ abíyá, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn tí olùkọ́ ń dúró sí láyé ọjọ́un, ó ń pàṣẹ.

"Yọ̀ sí òsì! Gbé ìdí kúrò láàárín! Ìdí, Ìyá, ìdí!"

"Gbogbo abúlé ti gbọ́!"

"Ẹsẹ̀ òsì sílẹ̀, ọ̀tún lórí bíréèkì. Ó yá, dúró."

Ó dúró. Orí ẹsẹ̀ òsì kan ṣoṣo, alùpùpù fẹ̀gbẹ́ tì í nítan bí ọmọ tó ń sùn, kò wúwo. Ó ṣubú o, ó ṣubú dáadáa, ó dìde, ó gbọn koríko, ó tún gùn ún. Nígbà tó ṣe, ó dìde dúró lórí irin ìtẹ̀sẹ̀ bí alùpùpù ti ń lọ, orúnkún rẹ̀ rọ̀, ojú rẹ̀ wo iwájú. Ibẹ̀ ni ó ti rí ohun tí àwọn ọkùnrin méjèèjì ò rò. Ẹni tó bá dúró lórí alùpùpù, ta ló ń bi í bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ kanlẹ̀? Ó pariwo ayọ̀, ó yí ọgbà náà ká lórí ìdúró, àpáta, koríko, ihò, gbogbo rẹ̀ ń kọjá lábẹ́ rẹ̀ bí omi.

"Máa wo ibi tó ò ń lọ!" Tokuji ké. "Òkúta tó o bá tẹjú mọ́ ni wàá gùn!"

"Ẹ̀yin ni mò ń wò!"

"Yáà mójú kúrò!"

Atẹ́gùn fẹ́ ní gbogbo òru tó mọ́jú Àìkú. Láàárọ̀, ewé bo gbogbo abúlé, pupa àti òféèfèé, omi oko sì ti sọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Àwọn ilé yòókù ti ń lọ sí ìpàdé níbi ahéré. Bí omi kò bá padà kí wọ́n tó jókòó ti tíì, kò sí ohun tí Sumie lè sọ tí wọ́n á gbọ́. Tokuji di ìrẹsì fún un fúnra rẹ̀, ó rí wúruwùru, ó ki èso tí wọ́n fi iyọ̀ rẹ sí i nínú.

"Kí n sọ fún wọn pé o ń bọ̀?"

"Ẹ má sọ nǹkan kan. Omi á sọ ọ́."

Ó gba ọ̀nà igbó. Òórùn kédárì tútù gbà á lójú, ẹ́ńjìnì ń kùn lábẹ́ rẹ̀, ohùn rẹ̀ mọ́ ju tàná lọ nítorí asẹ́ tó fọ̀. Ó dé kọ́nà. Ó dúró bíi lékeléke, ó wo òkúta náà dáadáa, ó yan ọ̀nà pẹ̀lú ojú: gba ìhà ògiri òkè, rìn láàárín àwọn méjì tó dà bí tọkọtaya, jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbòǹgbò. Lẹ́yìn náà ó gbé ojú kúrò lára òkúta, ó wo gbòǹgbò tó wà lódìkejì, ó dìde dúró.

Gíà kìn-ín-ní, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Eyín táyà ń he òkúta ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yìn ń jó lábẹ́ rẹ̀, ṣọ́ọ̀kì ń gbé e lọ gbé e bọ̀, òun kò jó. Kàn! Àwo irin fara kan àpáta, ó yọ̀ lórí rẹ̀ kọjá. Ó ti dé àárín tọkọtaya nígbà tí òkúta kan yí lábẹ́ táyà iwájú, ọwọ́ alùpùpù já sí ọ̀tún, gbogbo nǹkan dúró. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kanlẹ̀, lọ́tùn-ún tàbí lósì.

Ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ ti yọ̀ sí òsì kí ó tó rò ó. Ẹsẹ̀ òsì nà, ó wá òkúta, ó rí i. Ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ bíréèkì. Alùpùpù fẹ̀gbẹ́ tì í nítan, ó dákẹ́. Ẹ́ńjìnì kò kú. Eyín kan tí Rinko yọ kúrò ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Sumie mí. Ó sọ fún un pé, "A ò tíì dé o," ó tún ọwọ́ rẹ̀ ṣe, ó jọ̀wọ́ kíláàṣì wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó tún dìde dúró. Gbòǹgbò kọjá lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀nà tún di ọ̀nà.

Ewé ti dí ẹnu omi pa bí ìdérí. Ó wọ inú omi dé itan, ó fi ọkọ́ wọ́ ọ, ó fi ọwọ́ kó o, ó ju ú sí bèbè, òkìtì lé òkìtì. Ọwọ́ rẹ̀ kú, ó korin sí i:

Omi, sọ̀ kalẹ̀, ilé ń retí rẹ,
Má yà sọ́nà, má bá òkúta ṣeré.

Ó fa ìdì ewé tó gbẹ̀yìn jáde. Omi ru, ó ru lẹ́ẹ̀kan sí i bí arúgbó tó fẹ́ wúkọ́, ó sì ya wọ inú ọ̀pá omi tó lọ sí oko, gbùùù! Sumie dúró gbọ́ ọ títí. Ó jẹ ìrẹsì wúruwùru ọkọ rẹ̀, ó sì dùn.

Nígbà tó padà dé ìsàlẹ̀, ó gbé alùpùpù tì sí ẹ̀gbẹ́ oko. Ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ náà tẹ́ sórí ẹrẹ̀, alùpùpù fẹ̀gbẹ́ tì pẹ̀sẹ̀, kò mira. Tokuji wà lẹ́nu ọ̀nà ahéré láàárín àwọn èèyàn, ife tíì lọ́wọ́, ẹnu rẹ̀ dé gbọin bí Sumie ṣe bẹ̀ ẹ́, ojú rẹ̀ nìkan ló ń jó. Bàbá Kusunoki ti sọ̀ kalẹ̀ sínú oko Sumie, ó ń wo omi tó ń tàn káàkiri láti orí ìpele dé orí ìpele, tó ń gbé ewé wasábì dìde. Omi ti bo bàtà rẹ̀ tó ń dán. Ó wo omi. Ó wo alùpùpù gíga yẹn, ó wò ó láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ó wo ẹsẹ̀ Sumie.

"Ẹsẹ̀ rẹ ò kanlẹ̀," ni ó wí.

"Kò kanlẹ̀, Bàbá."

Arúgbó náà gbójú sókè sí igbó, níbi tí atẹ́gùn ṣì ti ń mi ẹ̀ka.

"Lọ́la," Bàbá Kusunoki wí, "ewé á tún já."

Gbogbo wọn gbọ́ ọ: oṣù náà ṣì jẹ́ ti ilé Sumie. Lẹ́nu ọ̀nà ahéré, Tokuji mu tíì rẹ̀ tán ní ẹ̀ẹ̀kan.

"Á já, Bàbá," Sumie dáhùn, ó tẹrí ba dáadáa. "Mo ti ń gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún yẹn. Orí ọmọ wasábì mi lẹ dúró lé."

Bàbá Kusunoki fò sókè.